Ẹ Yé Sọ fún Màmá Pé Kí Wọ́n Lọ Sinmi: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Òbí Rẹ̀ Ń Dá Wà Nílé

Ní ọdún tí màmá wa pé ẹni ọdún 76, àwa ọmọ forí korí, a ní ọjà tó gẹ́ẹ́. Ọjà Atakúnmọ̀sà ní Iléṣà ni wọ́n ti ń ta àǹkárá kí wọ́n tó bí èmi gan-an. Orúnkún ti ń dùn wọ́n, èrè ibẹ̀ kò sì tó nǹkan mọ́. A ní, "Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ lọ sinmi." A kun ilé, a ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, a gba ọmọbìnrin kan tí yóò máa dáná fún wọn. Inú wa dùn sí ara wa púpọ̀.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, mo já wọlé lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bá wọn lórí àga nínú pálọ̀ tó ṣókùnkùn, tẹlifíṣọ̀n ń pariwo, wọn ò sì wò ó. Ọmọbìnrin náà wà lẹ́yìn ilé, ó ń tẹ fóònù. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ìwọ ni? Mo rò pé ẹni tó ń ka mítà iná ni." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹni tó ń ka mítà ni àlejò tí ìyá wa ń retí!

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo kọ síbí, èyí tó bọ́ sí i àti èyí tó kùnà, pẹ̀lú ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà. Ọmọ tó wà ní Èkó, Àbújá, London tàbí Houston, tí òbí rẹ̀ wà nílé, ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Dídá gbé yàtọ̀ sí dídá wà

Ẹnìkan lè máa dá gbé kí àárò má sọ ọ́. Ó ń lọ sí ìsìn òwúrọ̀, ó ń dá àjọ, àwọn ọmọ àdúgbò ń wọlé wá pọn omi, wọ́n ń kí i. Ẹlòmíràn wà láàárín ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n "Ẹ káàárọ̀ Mà, oúnjẹ yín rèé" ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá a sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyẹn gan-an ni ẹni tó dá wà. Ìdí nìyí tí ọmọ ọ̀dọ̀ kì í fi í yanjú ọ̀rọ̀ náà, ẹ ò báà gba mẹ́ta.

Ẹ má sì fojú kékeré wò ó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ẹnìkan nínú ènìyàn 6 láyé ni ìdáwà ń bá fínra, wọ́n sì ṣírò ikú tó bá a rìn sí ohun tó lé ní 871,000 lọ́dọọdún. Nílé wa níbí, láti ọdún 2003 ni àwọn oníwàádìí Ìbàdàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ṣáájú wọn ti ń tọ àwọn àgbàlagbà ẹni ọdún 65 sókè lẹ́yìn, èyí tó lé ní 2,000 nínú wọn, ní ìpínlẹ̀ 8 tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Nínú àbájáde wọn kan tó jáde ní 2011, láàárín àwọn obìnrin, àwọn tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ wọn kò tó nǹkan ni ìsoríkọ́ ń tètè mú, àti àwọn tó ń gbé ìgbèríko. Ìgbèríko o! Àwa tí a máa ń sọ pé, "Abúlé kẹ̀, gbogbo ayé ló mọ Màmá níbẹ̀." Gbogbo ayé tó mọ̀ wọ́n ti kó lọ sí Èkó, àwọn tó kù sì ti wà ní ibojì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wádìí, ẹ má gba "a dúpẹ́" gbọ́

Bí ẹ bá béèrè lórí fóònù pé, "Ṣé dáadáa ni, Màmá?", "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run" ni ẹ ó gbọ́. Àgbà Yorùbá kì í sọ fún ọmọ pé òun dá wà, nítorí ó máa dà bí ìgbà tó ń fi ọmọ sùn pé wọ́n pa òun tì. Bí ẹlòmíràn bá gbọ́, ó di ẹ̀gàn ọmọ. Nítorí náà wọ́n á gbé e mì.

Àwọn oníwàádìí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìbéèrè mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn ìdáwà: ṣé ó máa ń ṣe yín bíi pé ẹ ò ní alábàárìn? Ṣé ó máa ń ṣe yín bíi pé wọ́n yọ yín sẹ́yìn? Ṣé ó máa ń ṣe yín bíi pé ẹ jìnnà sí àwọn ènìyàn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "ó ṣọ̀wọ́n", máàkì 1 ni, "nígbà mìíràn" jẹ́ 2, "lọ́pọ̀ ìgbà" jẹ́ 3. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbà pé ẹni tí àròpọ̀ rẹ̀ bá tó 6 sókè dá wà. Ṣùgbọ́n ẹ má jókòó ti ìyá yín bí olùkọ́ tó ń ṣe ìdánwò. Ẹ fi sínú ìtàkúrọ̀sọ. Ohun tí mo bi tiwa ni pé, "Nígbà tí wọ́n ṣe ìnáwó ilé kejì yẹn, ṣé wọ́n wá sọ fún yín ṣáájú, àbí ẹ kàn gbọ́ ìlù?" Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ìlù ni mo gbọ́."

Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìwé ọlọ́gọ́jì ewé, kí ẹnìkan nínú ilé máa kọ ọ̀sẹ̀ kan gbáko sínú rẹ̀: ta ló wọlé wá kí wọn, ta ni wọ́n jáde lọ bá, ta ló pè wọ́n, ìṣẹ́jú mélòó. Kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má fi ohunkóhun bò ó. Nínú ọ̀sẹ̀ màmá wa, ènìyàn mẹ́rin ló wọlé, ẹni tó wá ta omi wà nínú wọn. Lábẹ́ "ta ni wọ́n jáde lọ bá", kò sí nǹkan kan.

Ìbéèrè kan wà tó ṣe mí láǹfààní ju ìyókù lọ: bí Màmá kò bá yọjú lọ́la, ta ni yóò béèrè wọn? Nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́jà, bí ìsọ̀ wọn kò bá tíì ṣí ní aago mẹ́sàn-án, obìnrin mẹ́ta ti máa rán ọmọ sílé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà náà ló sì ń tún orí àgbà ṣe, òun ni àwa kò rò. A rò pé owó nìkan ni wọ́n ń lọ mú níbẹ̀, a sì ní a ó máa fi owó náà ránṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ ara wò kí ẹ tó yẹ ọkàn wò

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fò. Àgbà kì í kàn ṣàdédé kúrò láwùjọ. Ohun kan nínú ara ló máa ń kọ́kọ́ dójú tì í, á wá fi ilé ṣe ibi ìsádi.

Etí ni mo fi ṣáájú. Ẹni tí kò gbọ́ran dáadáa á máa fi ẹ̀rín sin ọ̀rọ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, á dáhùn ohun tí wọn ò bi í, àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, kò ní lọ sí ìpàdé náà mọ́. Á wá sọ fún yín pé àwọn obìnrin ìpàdé ń ṣòfófó ni òun ò ṣe lọ. Ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wo etí náà. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí tó ti gbẹ síbẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì á yọ ọ́. Ẹ má fi ìyẹ́ adìẹ tàbí igi ìṣáná ro ó nílé. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni wọ́n nílò, ẹ mọ̀ pé gbogbo nǹkan ló máa pariwo sí wọn létí lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, títí kan ìró ṣíbí. Wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́ nínú yàrá tó dákẹ́ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ èyí fún wọn tẹ́lẹ̀, inú dúrọ́ọ̀ ni ẹ̀rọ náà yóò kú sí. Bí ẹ bá sì ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ kọjú sí wọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ rọra sọ ọ́. Igbe kì í ran etí lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí ìwé ìṣègùn Lancet kó jọ ka nǹkan 14 sílẹ̀ ní 2024 tó lè dín àrùn tó ń jẹ́ kí àgbà máa ṣarán kù bí a bá mójú tó wọn. Àìgbọ́ràn wà níbẹ̀, àìríran wà níbẹ̀, jíjìnnà sí àwùjọ náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tọ́jú etí, ẹ lè ti fi òkúta kan pa ẹyẹ méjì.

Ojú: bí inú ẹyinjú bá ti funfun, èyí tí wọ́n ń pè ní cataract, iṣẹ́ abẹ kékeré ló máa ń yanjú rẹ̀, kì í gba ọjọ́ púpọ̀. Ẹni tí kò rí ojú ènìyàn lójú ọ̀nà kò lè kí i, wọ́n á sì ní ìgbéraga ló dé.

Èyí tó kàn ni ẹnikẹ́ni kì í sọ: ìtọ̀. Àgbàlagbà púpọ̀ ni kò lè mú ìtọ̀ dúró títí ìsìn wákàtí mẹ́ta yóò fi parí, wọ́n sì yàn láti jókòó sílé ju kí aṣọ tutù sí wọn lára láàárín ìjọ lọ. Kí ọmọbìnrin tó dàgbà jù tàbí àbúrò ìyá yín béèrè ní kọ̀rọ̀, kí ọkùnrin má dá sí i. Ó ní ìtọ́jú. Bí wọ́n bá ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń jẹ́ kí ènìyàn tọ̀, ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè yí àkókò tí wọ́n ń lò ó padà lọ́jọ́ ìpàdé. Ẹ má dá a yí fúnra yín. Páàdì wà. Àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àìmu omi ṣe ọgbọ́n, ara wọn kò ní gbà á.

Orúnkún àti làkúègbé, ẹ ti mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ojú ọ̀pá máa ń ti àwọn ìyá. Tiwa kò mú ọ̀pá lọ́wọ́ títí ẹ̀gbọ́n mi fi ra èyí tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí, tó sọ fún wọn pé ọ̀pá ìjòyè ni.

Bí ẹ bá wà nítòsí Ìbàdàn, ilé ìtọ́jú àgbàlagbà wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi orúkọ Tony Anenih sọ, láti ọdún 2012. Àgbàlagbà nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ibi kan tí wọ́n á ti máa retí wọn

Ibi kan ni mo wí, ẹ má wá márùn-ún. Ẹni tó ti jókòó sílé fún ọdún kan kò ní agbára márùn-ún.

Ohun tó kùnà ní tiwa ni kí n kọ́kọ́ sọ. A ṣe ọjọ́ ìbí ńlá fún wọn, a ta kánópì, àwọn ẹgbẹ́ wọn wá, a jẹ, a mu. Lọ́jọ́ Ajé, ilé tún dá páropáro bí ti tẹ́lẹ̀. Ìnáwó ọjọ́ kan kì í tú àárò ká. Ohun kejì tó kùnà ni kí àwọn ènìyàn máa wá "bẹ̀ wọ́n wò" bí aláìsàn. Ara wọn kọ̀ ọ́, wọ́n ní, "Ṣé mo fẹ́ kú ni?"

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn wọn. Ẹ wo ohun tí òbí yín mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ wá ọ̀nà tí àwọn kan yóò fi nílò rẹ̀ lọ́jọ́ kan pàtó nínú ọ̀sẹ̀. Màmá wa ti gba àjọ lọ́jà fún ọgbọ̀n ọdún. Mo bẹ ìyàwó ẹnìkan ládùúgbò pé kó lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bá àwọn obìnrin mẹ́wàá tó ń ṣòwò kéékèèké di àjọ mú. Obìnrin náà ni mo ní kó bẹ̀ wọ́n. Bí èmi bá dá a lábàá, wọ́n á mọ̀ pé àánú ni. Wọ́n kọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ kẹrin, wọ́n ní kí n ra ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ pupa bọ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì báyìí, obìnrin mẹ́wàá ń wọ ilé wa, kì í sì í ṣe owó nìkan ni wọ́n ń kó wá: ẹjọ́ ọkọ wà níbẹ̀, ti ọmọ wà níbẹ̀.

Lóṣù karùn-ún, ẹnìkan gba tirẹ̀ tán, kò dá mọ́. Màmá bínú, wọn ò sùn. Àbúrò mi ní ká fòpin sí i, pé ẹ̀jẹ̀ wọn á ru. A wọn ẹ̀jẹ̀ náà, kò ju bó ṣe wà lọ. Èmi ní tèmi, ìbínú yẹn ni mo fi mọ̀ pé wọ́n ti padà sáyé. Ẹni tí kò ní ẹni tó ń bá jà kò ní ẹnikẹ́ni.

Tiyín lè jẹ́ Asalátù òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ, ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì. Bó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú ni yín, ẹ béèrè nípa regbẹ́regbẹ́ wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà. Ọdún Ojúdé Ọba nìkan ni ẹ̀yin ń rí lórí fóònù, aṣọ àti ẹṣin, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ń ṣe ìpàdé láàárín ọdún. Ohun tí mo máa tẹnu mọ́ ni pé kí wọ́n ní ipò níbẹ̀: akápò, ẹni tó ń gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ nípàdé, òjò kékeré á dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ àwọn bàbá le díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ni ọ̀rẹ́ wọn wà, ìyàwó ló sì ń bá wọn rántí ẹbí. Bí iṣẹ́ bá tán, tí ìyàwó sì kú, okùn méjèèjì já. Bàbá kì í fẹ́ jókòó kí ẹ wá máa bi í bó ṣe ń ṣe ọkàn rẹ̀. Ẹ gbé ayò ọlọ́pọ́n sí abẹ́ igi níwájú ilé, pẹ̀lú àga méjì àti ọmọ ayò 48. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ á máa jáde láàárín títa, láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é.

Èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo ohun tí a ṣe kò ná wa ní kọ́bọ̀: a gbé àga Màmá kúrò nínú pálọ̀ síwájú ilé, kọjú sí títì. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ọmọ iléèwé ti ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀, ẹni tó ń lọ sí ọjà ń dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọ̀nà

Ẹ wá oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan ṣoṣo, ẹni tí wọ́n mọ̀, kí ẹ máa san owó rẹ̀ fún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fúnra yín. Kó mọ ọjọ́, kó mọ àkókò, kó mọ̀ pé òun ò gbọ́dọ̀ kánjú wọn bí wọ́n bá ń gun ọkọ̀. Bí Màmá bá ní láti dúró lẹ́bàá títì máa na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ fúnra wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: fóònù, bó ṣe yẹ ká lò ó

Ìṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí kan lóṣù. Ẹ pín ọjọ́ láàárín ara yín, kí àkókò má yí padà, kí wọ́n lè máa fojú sọ́nà. Kí ẹ sì máa bi wọ́n ní ohun tí ẹ kò mọ̀: báwo ni wọ́n ṣe ń se ẹ̀fọ́ tí kò fi dúdú, kí ni oríkì bàbá bàbá wa, irú ẹbí wo ni àwọn tó fẹ́ fi ọmọ fún wa. Ọmọ mi tí wọ́n bí sí London kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀. Ìlà oríkì kan ni ìyá àgbà ń kọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé. Iṣẹ́ ni fún wọn. Wọ́n máa ń múra sílẹ̀ fún un láti ọjọ́ Ẹtì.

Gúrúùpù WhatsApp ẹbí kò tó. Àwòrán òdòdó pẹ̀lú "Ẹ káàárọ̀" látọ̀dọ̀ ènìyàn ogún kò jẹ́ pé ẹnìkan bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀, ẹ dárúkọ wọn nínú rẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra. Ẹni tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ á bá ẹnikẹ́ni tó pè é sọ̀rọ̀, àwọn oníjìbìtì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á pè pé ọmọ yín wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ tètè fi owó ránṣẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àmì láàárín ara yín. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ọmọ wọn.

Ọmọ ọ̀dọ̀, àti gbígbé wọn lọ sí ìlú òyìnbó

Ẹ sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀ pé kó má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n jókòó já ẹ̀fọ́, kí wọ́n fúnra wọn yan ata lọ́wọ́ aláta. Bíbá wọn jáde wà lára iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó rẹ̀ fún.

Ní ti gbígbé wọn sọ́dọ̀ yín lókè òkun: ẹ̀yin á jáde lọ síṣẹ́ ní aago méje, wọ́n á wà nínú ilé tí wọn ò lè jáde nínú rẹ̀, nínú òtútù, láìgbọ́ èdè aládùúgbò. Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ni kí ẹ ti wá ìjọ tàbí mọ́sálásí tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, àti àgbà kan tí wọ́n jọ lè máa sọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá rí, ẹ jẹ́ kí ìbẹ̀wò náà kúrú.

Ìgbà tó bá ti kọjá àárò

Àgbà wa kì í sọ pé inú òun bàjẹ́. Wọ́n á ní orí ń gbóná, ara ń wúwo, oorun ò kun ojú. Bí irú èyí bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọn ò jẹun, tí ohun tí wọ́n fẹ́ràn kò wù wọ́n mọ́, ẹ mú wọn lọ rí dókítà. Bí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín aṣọ wọn, tàbí tí wọ́n ń sọ pé ayé sú wọn, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, kí ẹ má sì fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan. Àdúrà kò dí ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ń ṣìnà nínú àdúgbò tí wọ́n ti gbé fún ogójì ọdún, ẹ mú wọn lọ rí dókítà bákan náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ẹ tún ìwé ọlọ́gọ́jì ewé yẹn mú jáde, kí ẹ kọ ọ̀sẹ̀ kan mìíràn, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Bí "ta ni wọ́n jáde lọ bá" bá ṣì ṣófo, ibi tí ẹ yàn kọ́ ló yẹ wọ́n. Ẹ pa á tì, ẹ yan òmíràn. Ẹ bi wọ́n pé kí ló sú wọn níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹnìkan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ náà ni wọn ò fẹ́ràn.

Lóṣù tó kọjá, mo tún já wọlé láìsọ, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Iwájú ilé kún, ìwé pupa wà lórí itan wọn, gíláàsì wà lójú. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ ni? O ò tiẹ̀ sọ tẹ́lẹ̀. Lọ jókòó nínú ilé ná, a ò tíì ka owó tán."